Ìmọ̀ràn fún Ọmọbìnrin Tó Ń Lọ Sin Màlúù Nílẹ̀ Yìnyín

Ọmọ mi, inú mi dùn pé oko màlúù kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ti gbà ọ́ síṣẹ́. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá ni o máa wọlé, òtútù ibẹ̀ kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tó ń fẹ́ ní Ṣakí. Lópin oṣù Kìíní ọdún 2019, abúlé kan tó ń jẹ́ Cotton ní Minnesota, ìpínlẹ̀ tó bá Wisconsin pààlà, tutù dé ìwọ̀n -49 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Láàárọ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ náà, màlúù gbọ́dọ̀ jẹ, ó gbọ́dọ̀ mu, a sì gbọ́dọ̀ fún wàrà rẹ̀. Jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀ aṣọ kí o tó náwó sí èyí tí kò ní wúlò.

1. Omi ni kí o kọ́kọ́ bẹ̀rù, kí o tó bẹ̀rù òtútù. Wo màlúù fúnra rẹ̀. Èyí tí irun rẹ̀ nípọn tó sì gbẹ lè dúró níta ní nǹkan bí ìwọ̀n -8 láìsí wàhálà. Bí òjò bá mú irun kan náà rin gbindin, láti nǹkan bí ìwọ̀n 15 ni yóò ti máa jó oúnjẹ inú rẹ̀ láti fi mú ara gbóná. Bẹ́ẹ̀ náà ni tìrẹ ṣe máa rí. Nínú ilé ẹran, omi ń bá ọ láti ọ̀nà púpọ̀: òógùn ara rẹ, garawa tó ń ta sí ọ lẹ́sẹ̀, èémí àwọn ẹran tó ń sọ gbogbo inú ilé di ọ̀rinrin. Nítorí náà, aṣọ yòówù tí wọ́n bá nà sí ọ ní ṣọ́ọ̀bù, bi ara rẹ pé: bí èyí bá rin, ṣé yóò ṣì mú mi gbóná?

Òwú kò lè yege ìdánwò yẹn. Ó ń fa omi mu, ó ń gbé e lé awọ, kì í sì í tètè gbẹ. Irun àgùntàn lè gba omi tó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀ kí o tó mọ̀ ọ́n lára. Pọliẹ́sítà kì í fa omi púpọ̀, kíá ló sì ń gbẹ. Mo mọ̀ bí a ṣe fẹ́ràn òwú tó nílé, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀ níbi tí oòrùn wà. Má gbé e lọ síbẹ̀.

2. Aṣọ tó sún mọ́ awọ jù lọ ni ọ̀pọ̀ obìnrin kì í kà sí. Wọ́n á ra kóòtù olówó ńlá, wọ́n á wá wọ kọ́mú òwú àti pátá òwú sábẹ́ rẹ̀. Tí o bá fi ṣọ́bìrì kó imí màlúù fún ogún ìṣẹ́jú, òógùn á dúró sábẹ́ ọmú àti ní bèbè ìdí, bí o bá sì bọ́ síta, ibẹ̀ gan-an ni òtútù á ti bá ọ. Ra kọ́mú eré ìdárayá tí kò ní wáyà. Fi ẹ̀wù irun àgùntàn merino fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ alápá gígùn lé e, kí ó gùn kọjá ìdí, torí pé bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀yìn ń ṣí sílẹ̀. Sòkòtò abẹ́ tó lẹ̀ mọ́ra náà, irú aṣọ kan náà ni kí ó jẹ́.

3. Aṣọ àárín kò lọ́rọ̀ nínú: súwẹ́tà irun àgùntàn kan tó ní sípì níwájú ti tó. Kí iṣẹ́ líle tó bẹ̀rẹ̀ ni kí o ti ṣí sípì náà, má dúró de òógùn. Ó dára kí òtútù díẹ̀ máa ta ọ́ bí o ṣe ń jáde. Tó bá yá, iṣẹ́ á mú ara móoru.

4. Aṣọ òkè ni kí o náwó sí, kí ó sì jẹ́ aṣọ obìnrin. Kì í ṣe fáàrí ni mò ń sọ. Ófárọ́ọ̀lù ọkùnrin máa há ọ níbàdí, á sì ṣí gbàgà ní ìdí ọ̀já. Àlàfo yẹn ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wọ́ nínú imí màlúù, á fa omi, á dì gan-an bí pákó. Kànfáàsì líle tí wọ́n fi ń rán irú aṣọ yìí, òṣìṣẹ́ rélùwéè ni ilé iṣẹ́ Carhartt kọ́kọ́ rán tirẹ̀ fún ní Detroit láti ọdún 1889, ọkùnrin ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó wọn ìbàdí obìnrin. Ní ọdún 2006, obìnrin kan ní Montana, Sarah Calhoun, dá ilé iṣẹ́ Red Ants Pants sílẹ̀ nítorí pé kò rí sòkòtò iṣẹ́ tó bá ara òun mu. Ìwọ ń rí ọ̀pọ̀ yàn lónìí. Má jẹ́ kí wọ́n fi ògbólógbòó ófárọ́ọ̀lù ọ̀gá rẹ tàn ọ́.

Bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, lóṣòó, gbé apá sókè bí ẹni ń da koríko sórí àjà. Bí ó bá fà ọ́ níbì kan, dá a padà. Wá èyí tó ní sípì láti ẹ̀gbẹ́ yí ìdí ká, kí o lè tọ̀ láìbọ́ gbogbo aṣọ. Mo ti rí àwọn ọmọbìnrin tí kì í mu omi láti àárọ̀ nítorí wàhálà àtibọ́ aṣọ, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń ṣe nǹkan oṣù. Ìyẹn kò dára fún ara rárá, ẹni tí omi ara rẹ̀ bá dín kù sì máa ń tètè gbọ̀n.

Kànfáàsì náà, òwú ni; ìṣó àti wáyà kì í tètè ya á, ṣùgbọ́n ó ń mu omi. Fún ibi tí wọ́n ti ń fún wàrà àti ibi tí wọ́n ti ń fomi fọ ilẹ̀, náílọ́ọ̀nù tí omi kì í wọ̀ ló dáa jù. Aṣọ onírun fulúfulú, má gbé e sókè láé: koríko gbígbẹ á lẹ̀ mọ́ ọn, ṣóńṣó rẹ̀ á wọnú aṣọ, á sì máa gún ọ lọ́rùn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

5. Èyí ni mo fẹ́ kí o kà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn katakata, ọ̀pá irin kan wà tí wọ́n ń pè ní PTO, òun ló ń fún ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ katakata lágbára. Èyí tó wọ́pọ̀ ń yí ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló ń yí kí o tó pe ọ̀kan tán. Bí etí aṣọ bá kàn án, kò sí àyè àtifà á padà. Ìborùn kò gbọdọ̀ wọ oko yẹn. Wọ aṣọ ọrùn róbótó tí a ń ki orí bọ̀. Gé okùn fìlà kóòtù dànù. Di irun sínú fìlà, pàápàá bí o bá fi àtamọ́ dirun. Bí òtútù bá mú ọ tí o sì fẹ́ ró aṣọ mọ́ ìdí bí a ti ń ṣe nílé, jọ̀wọ́, jókòó sílé fún ọjọ́ yẹn.

6. Bàtà: rọ́bà tí omi kì í wọ̀, tí inú rẹ̀ ní fóòmù, kí ó sì tóbi díẹ̀ ju bàtà ojoojúmọ́ rẹ lọ. Ìbọ̀sẹ̀ irun àgùntàn kan tó nípọn sàn ju méjì tó há lọ, torí ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ooru dé ọmọ ìka. Ní alaalẹ́, yọ àtẹ́lẹ̀ inú bàtà kí ó gbẹ.

7. Ní ti ọwọ́, ìbọ̀wọ́ kan kò tó. Kó mẹ́ta lọ lójúmọ́, nítorí pé fífún ọmọ màlúù ní wàrà níta, níbi tí wọ́n ti ń dá gbé nínú àgọ́ kéékèèké wọn, kì í ṣe é ṣe kí ọwọ́ má rin. Fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà fẹ́lẹ́ sábẹ́ onírun àgùntàn nígbà iṣẹ́ omi, èyí tó kó ìka mẹ́rin pọ̀ sójú kan sì ni kí o wọ̀ nígbà tí o bá ń rìn láàárín iṣẹ́ kan sí èkejì. Má fi ọwọ́ tútù tí kò ní ìbọ̀wọ́ ṣí ilẹ̀kùn irin: awọ ìka á dì mọ́ ọn.

8. Fìlà irun àgùntàn ń fa òróró inú irun wa, ó ń já etí irun. Fi bónẹ́ẹ̀tì sátíìnì sábẹ́ rẹ̀, kí o fi òrí pa ojú àti ẹ̀yìn ọwọ́ kó má ya. Òrí kò ní kí òtútù má pa ẹran ara o. Ìtura awọ nìkan ló wà fún.

9. Bí owó kò bá tó, kóòtù àti ófárọ́ọ̀lù ni kí o wá lọ́jà òkìríkà. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì lágbára. Aṣọ abẹ́ àti bàtà ni kí o ra ní tuntun.

10. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá wà ní -18 tí afẹ́fẹ́ sì ń sáré kìlómítà 24 ní wákàtí, ó dà bíi -28 lójú awọ, òtútù sì lè pa awọ tí kò láṣọ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọ́n á kọ́ ọ pé awọ á kọ́kọ́ pọ́n. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn kì í sábà hàn. Ohun tí o máa wò ni ibi tó kú tipiri, tó ṣe bí eérú, tó le bí ìda. Wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Má ra á, má yá iná sí i, má fi yìnyín pa á. Ri ín sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ tí ìgúnpá rẹ lè fara dà, kí o sì ké sí ọ̀gá oko kó gbé ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà.