Ẹ Jẹ́ Kí Ṣéńjì Pé Kí Ẹ Tó Túká

Ẹ̀yin ọmọ mi, owó kékeré ló máa ń fa ìjà ńlá nídìí káńtà.

Ìwọ tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù, bí oníbàárà bá na ẹgbẹ̀rún kan náírà sí ọ, pe iye rẹ̀ sókè ketekete: "Mọ́mì, ẹgbẹ̀rún kan lẹ fún mi o." Má tíì sọ ọ́ sínú àpótí owó. Jẹ́ kó wà lórí káńtà lójú ẹ̀yin méjèèjì títí ṣéńjì yóò fi pé lọ́wọ́ wọn. Bí ọjà bá jẹ́ ₦650, ibẹ̀ ni kó o ti kà lọ sókè: fi ₦50 sílẹ̀, ó di ₦700, fi ₦100 lé e, ó di ₦800, fi ₦200 kún un, ẹgbẹ̀rún pé. Má fi súwíìtì dípò ṣéńjì fún ẹnikẹ́ni. Bí ṣéńjì ò bá sí, tètè sọ.

Ìwọ oníbàárà náà, má gbé ẹgbẹ̀rún náírà lọ bá ẹlẹ́kọ ní kùtùkùtù, kó o wá máa bínú. Nínú ọkọ̀ èrò, bí kọ̀ndọ́ bá ní "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o," gbọ́ tirẹ̀. Bó bá so ẹ̀yin méjì pọ̀ nítorí ṣéńjì, wo ojú ẹnì kejì rẹ dáadáa kí ẹ tó sọ̀. Ka owó rẹ níbẹ̀, kì í ṣe nílé.

Bí ṣéńjì bá sì lé, dá a padà. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló máa ń yọ ọ́ nínú owó oṣù ọmọ iṣẹ́ tó ṣì í kà.