Ka Káàdì Tí O Kò Tíì Rí

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ohun tí a bá fẹ́ fi owó tàbí ipò wa lé lórí, ó yẹ kó ṣe déédéé pẹ̀lú ohun tí a lè rí gbà níbẹ̀. Eré káàdì ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀, nítorí òun ni àwọn ọ̀dọ́ wa mọ̀ dáadáa.

Láti Ìjerò dé Àrámọkọ, títí gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, bí iléèwé bá ti gba ìsinmi, tàbí tí ọkọ̀ kò bá tètè kún ní gáréèjì, Whot ni. William Henry Storey, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe eré náà ní 1935, ṣùgbọ́n ó ti di tiwa pátápátá. Bí ẹnìkan bá lọ sọ́jà, ìyẹn ìdì káàdì tó ṣẹ́kù, tó gbé káàdì rere wá, a ó ní orí rẹ̀ ló ṣe é. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn orí. Àmọ́ káàdì 54 ni, kò lé, kò dín, ohun tó bá sì lóǹkà ṣeé kà.

Róbótó jẹ́ 12, onígun mẹ́ta 12, àgbélébùú 9, onígun mẹ́rin 9, ìràwọ̀ 7. Whot tí à ń pè ní ogún, tó ń bá gbogbo káàdì mu, jẹ́ 5. Ká ní ẹ̀yin méjì lẹ̀ ń ta, ẹ pín in ní márùn-ún-márùn-ún, róbótó 7 wà nílẹ̀, kò sì sí èyí tó bá a mu lọ́wọ́ rẹ, yálà ní àmì tàbí ní nọ́ńbà. Kí lo lè retí lọ́jà? Róbótó 11 ló kù, méje mẹ́rin ló kù, ogún 5: 20 lápapọ̀. O ti rí márùn-ún ọwọ́ rẹ àti ọ̀kan ti ilẹ̀, nítorí náà 48 ni o kò rí. 20 nínú 48 ni ìrètí rẹ, kò tó ìdajì. Bó bá jẹ́ ìràwọ̀ 4 ló wà nílẹ̀ ńkọ́? Ìràwọ̀ 6, mẹ́rin méjì péré, nítorí àgbélébùú àti onígun mẹ́rin kò ní mẹ́rin rárá, àti ogún 5. 13 nínú 48! Nítorí náà, bí ìràwọ̀ àti róbótó bá wà lọ́wọ́ rẹ, tí méjèèjì ṣeé jù sílẹ̀, ìràwọ̀ ni kí o jù. Òun ló ń lé ẹnìkejì lọ sọ́jà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yọ káàdì ọwọ́ ẹnìkejì kúrò nínú ìṣirò, wọ́n á ní kò sí lọ́jà mọ́. Lóòótọ́ kò sí lọ́jà, ṣùgbọ́n o kò mọ èyí tó jẹ́. Fún ìwọ tí o kò rí i, kò yàtọ̀ sí èyí tó wà nísàlẹ̀ ọjà. Ìgbà tó bá bọ́ sílẹ̀ lójú rẹ ni kí o tó yọ ọ́. Bí ogún mẹ́ta bá ti jáde, méjì péré ni kí o máa retí. Bí òfin ibi tí ẹ ti ń ta bá sì gbà kí o gbé káàdì méjì, má ṣe sọ 13 di 26. Ìgbà tí méjèèjì yóò já ọ kulẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wá: 35 nínú 48, lọ́nà 34 nínú 47. Ìyẹn tó 53 nínú 100. 47 tó kù ni tìrẹ.

Ìṣirò yìí náà ni àwọn tó ń ta póókà ń ṣe. Káàdì 52 ni tiwọn. Ẹni tó ti ní mẹ́rin tó ní àmì kan náà nínú mẹ́fà tó rí, tó ń retí ẹ̀karùn-ún, 9 ló lè gbà á nínú 46. 37 yóò já a kulẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó san ₦1,000 kó tó rí káàdì ìkẹyìn, tí owó orí tábìlì kò sì ju nǹkan bí ₦4,100 lọ, kó jù ú sílẹ̀. Ìtẹ́ náà kò gba eku.

Lọ́tò ló ń dùn mí jù, èyí tí a ń pè ní Bàbá Ìjẹ̀bú, nítorí owó oúnjẹ ilé ni àwọn kan fi ń ta á. Bọ́ọ̀lù 5 ló ń jáde nínú 90; ẹni tó bá ta nọ́ńbà méjì, méjèèjì ló gbọ́dọ̀ jáde kó tó jẹ. Nọ́ńbà méjì-méjì tó wà nínú 90 jẹ́ 4,005, mẹ́wàá péré ló sì wà nínú márùn-ún tó jáde. Ẹ̀ẹ̀kan nínú nǹkan bí 400 nìyẹn, ìlọ́po 240 ni wọ́n sì sábà máa ń san. Bí èèyàn bá ta á pẹ́, nǹkan bí 60 kọ́bọ̀ ni yóò máa padà sọ́wọ́ rẹ̀ nínú náírà kọ̀ọ̀kan. Bí o bá pààmù nọ́ńbà márùn-ún, méjì-méjì mẹ́wàá lo rà, ₦1,000 lo san dípò ₦100. Owó tí o lè retí di ìlọ́po mẹ́wàá, owó tó jáde lápò rẹ náà di ìlọ́po mẹ́wàá, 60 kọ́bọ̀ yẹn kò kúrò níbi tó wà. Àlá kò sún un, báńkà, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n ní ó dájú, tí ọ̀rẹ́ fún ọ kò sún un, nọ́ńbà tó sì ti pẹ́ tí kò jáde kò sún mọ́ jíjáde lónìí ju bó ṣe wà lánàá lọ.