Kíláàsì Orin Fún Ọmọ Ọwọ́: Ta Ló Yẹ Kó Kọrin?

Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń béèrè pé kí ni ọmọ oṣù 6, tí kò tíì jókòó dáadáa, fẹ́ gbọ́ nínú ìlù. Ó ń gbọ́ púpọ̀. Inú oyún ni etí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun ló fi jẹ́ pé ọmọ tuntun máa ń dá ohùn ìyá rẹ̀ mọ̀ láàárín ohùn obìnrin mìíràn. Ìmọ̀ràn mi kò ju ẹyọ kan lọ: orin tí ẹ bá bá ọmọ kọ ni yóò ṣe é láǹfààní, èyí tí ẹ̀rọ bá ń dá kọ sí i létí kò tó nǹkan.

Lọ́dún 2012, Laurel Trainor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì McMaster, ní Kánádà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí èyí. Oṣù 6 gbáko ni wọ́n fi kó àwọn ọmọ oṣù 6 jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní apá kan, òbí gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, wọ́n jọ ń kọrin, wọ́n jọ ń lùlù, wọ́n ń tún orin kan náà kọ títí ó fi mọ́ wọn lára. Ní apá kejì, àwọn ọmọ ń ṣeré, orin inú ẹ̀rọ sì ń dún lẹ́yìn wọn. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún kan, àwọn ti apá kìíní ló tètè ń nàka sí ohun tọ́wọ́ wọn ò tó, tí wọ́n ń juwọ́ pé ó dàbọ̀. Ẹ̀rín wọn pọ̀, ó sì rọrùn láti rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Orin kúkú wà létí gbogbo wọn. Àwọn tó rí ẹni bá wọn kọ ọ́ ló jèrè.

Àwọn kan á ní ṣebí orin Mozart nìkan ti tó láti jí ọpọlọ ọmọ. Àwọn ọmọ yunifásítì ni wọ́n lò nínú ìwádìí 1993 tó bí ọ̀rọ̀ yẹn, àǹfààní ibẹ̀ kò sì ju bí ìṣẹ́jú 15 lọ. Ní Harvard lọ́dún 2013, wọ́n fi kíláàsì orin dán àwọn ọmọ ọdún 4 wò, wọn kò rí i pé ó fi kún ọgbọ́n orí wọn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi kíláàsì orin ra ipò kìíní nílé ìwé fún ọmọ, kó tọ́jú owó rẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó mọ ìgbà tó kàn án láti dáhùn, tó ń rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀, ti ní ohun tí kì í hàn nínú máàkì.

Owó ńkọ́? Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Orin tí ìyá ń kọ sí ọmọ lẹ́yìn kò gba kọ́bọ̀, ó sì ṣe pàtàkì fún àwa tó ń sọ Yorùbá ju bí a ti rò lọ, nítorí ohùn ló ya ọkọ sọ́tọ̀ sí ọkọ́, tó ya ọkọ́ sọ́tọ̀ sí ọkọ̀. Orin ìbílẹ̀ wa máa ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ọmọ tí wọ́n ń tọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò gbọ́ Yorùbá nígboro, lè gbọ́ ọ nínú orin bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lówó kíláàsì, kó kọ́kọ́ wo ibi tí olùkọ́ ní kí òbí jókòó sí. Bó bá ní kẹ́ ẹ dúró síta, ẹ gbé ọmọ yín máa bọ̀ nílé. Ẹ wá agolo mílíìkì, ẹ da ìrẹsì díẹ̀ sí i, ẹ dé e pa dáadáa. Ẹ mì í lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi lé ọmọ lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì máa wo ojú rẹ̀. Ó lè pẹ́ kó tó mì í padà. Ẹ má kánjú gbà á.