Ìró tí Etí Kò Lè Gbọ́ àti Omi inú Ojú

Kò yẹ kí àwa tí à ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni jẹ́ òpè nípa àrùn ojú tí a ń pè ní glọkóòmà, nítorí ó ń bẹ láàrin àwọn òbí ọmọ tí a ó máa kọ́ ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìdó.

Omi kan wà nínú ẹyinjú, tí ó mọ́ gaara, tí kì í ṣe omijé. Ojúsun rẹ̀ wà lẹ́yìn òrùka aláwọ̀ tí ó yí ọmọlójú ká; ọ̀nà tí ó ń gbà ṣàn jáde sì wà ní etí òrùka náà. Bí ọ̀nà ìṣàn bá dí, ojúsun kò dáwọ́ dúró. Omi a kún, ẹyinjú a le, a sì máa ni iṣan tí ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ lára, títí yóò fi kú díẹ̀díẹ̀. Nínú ìwọ̀n tí àwọn oníṣègùn ń lò, láti 10 dé 21 ni ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú tí ó dá.

Àrùn yìí kì í sábà dunni, ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà. Ẹ̀gbẹ́ ni ìríran ti ń kọ́kọ́ sọnù, ojú kan a sì máa bo àṣírí èkejì. Àgbà tí ń kọlu àga, tí kò rí ẹni tí ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀, a ó ní ogbó ni. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń wá ẹni tí ó fọ́ ọ lójú láàrin àwọn orogún. Nínú ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà láti 2005 dé 2007, bí ènìyàn 5 nínú 100 tí ó ti pé ẹni 40 ọdún ni ó ní in, 1 nínú àwọn 5 náà sì ti fọ́jú. Nínú 100 tí ó ní in, bí 6 péré ni ó mọ̀.

Oògùn kíkán, ìtànṣán lésà àti iṣẹ́ abẹ ni a ti ń lò tipẹ́. Ìró pẹ̀lú ti di ohun ìwòsàn. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ìró tí ó bá gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní Amẹ́ríkà, Jackson Coleman àti Frederic Lizzi ti ń fi irú ìró bẹ́ẹ̀ wo glọkóòmà ní àwọn ọdún 1980, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wọn ṣòro láti lò. Lẹ́yìn náà ni a ṣe èyí tí ó dà bí òrùka ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, tí ìró rẹ̀ ń gbọ̀n ní ìgbà 21,000,000. Wọn a fi oògùn pa ìrora ojú, wọn a gbé òrùka náà lé e, ẹ̀rọ kéékèèké 6 tí ó wà lára rẹ̀ a sì ṣiṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ìró náà a wọlé láì gé ojú, a di ooru lára ojúsun omi, apá kan rẹ̀ a jó, omi a sì dín kù. Àwọn kan nílò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀pọ̀ ni ó sì ń kán oògùn wọn síbẹ̀.

Kí a kíyè sí i pé ojúsun omi nìkan ni ìró náà ń bá wí. Iṣan tí ó ti kú kò jí mọ́. Ìyókù nìkan ni a lè dáàbò bò. Ẹni tí ó dúró di ìgbà tí kò rí ọ̀nà mọ́ kò rí èrè púpọ̀ nínú ẹ̀rọ kankan.

Ẹ̀ka ìtọ́jú ojú wà ní Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó. Ẹni tí ó ti Ìkọ̀lé bọ̀ a gba Ọ̀yẹ́ àti Ìfàkì kọjá. Bí a bá gbọ́ pé glọkóòmà wà lára bàbá tàbí ìyá ọmọ kan, àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá ẹni náà, àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó ti dàgbà, ni kí a kọ́kọ́ rọ̀ láti lọ wọn ojú, nítorí a máa rìn nínú ìdílé.