Ọwọ́ Mi Gbọ̀n Lórí Kóòdù
Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n ní kí n kọ kóòdù lójú wọn. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ pòórá. Àbí iṣẹ́ yìí kò tọ́ sí mi ni?

Ìdáhùn: Ó tọ́ sí yín o. Max Howell tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Homebrew sọ lọ́dún 2015 pé Google kò gba òun, torí òun ò lè yí binary tree (ọ̀nà kan tí a ń gbà to dátà) padà lórí pátákó. Níbi irú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bẹ́ẹ̀, dídákẹ́ ló burú jù, lójú tèmi. Ẹ máa sọ èrò yín jáde bí ẹ ti ń kọ ọ́: “Lúùpù yìí á ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá wá sí nọ́ńbà kankan ńkọ́?” Nílé, bí ẹ bá ń fi kóòdù kíkọ dánra wò, ẹ ní kí ọ̀rẹ́ kan jókòó tì yín, kó tẹjú mọ́ yín, kó má rẹ́rìn-ín.