Ṣé kí Bàbá mi ta ilẹ̀ torí ìwé mi?

Ìbéèrè: Mo fẹ́ lọ gba másítà nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì ní Amẹ́ríkà. Bàbá mi ní àwọn yóò ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tó kù. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, sọ fún Bàbá kí wọ́n fọwọ́ mú ilẹ̀ wọn ná. Kẹ́mísìrì tí o fẹ́ kọ́ yìí wà lára ohun tí yunifásítì Amẹ́ríkà máa ń sanwó lé lórí, àmọ́ ẹni tó ń wá PhD ni wọ́n sábà ń ṣe é fún. Wọn á fojú fo owó ilé-ìwé, wọn á sì máa san owó oṣù fún ọ. Ìwọ náà á máa kọ́ àwọn àkọ́wọlé nínú yàrá àyẹ̀wò, kì í sábà ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló ń gba ẹni tó ní dìgírì àkọ́kọ́ sí PhD tààrà, nítorí náà kí ni o ń fi másítà ṣe? Owó fọ́ọ̀mù nìkan ló lè kán ọ lápá; kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀, wọ́n máa ń gbà nígbà mìíràn.

Tó bá jẹ́ másítà dandan, wo ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Chevening tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fúnni láti kàwé ní ilẹ̀ wọn. Ọdún kan ni, wọ́n á san gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè ìrírí iṣẹ́ wákàtí 2,800, o sì gbọ́dọ̀ padà wálé fún ọdún 2.