Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Ṣe É Lọ́ṣọ̀ọ́

Àwọn àgbà ní, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá ẹ̀yin tí ẹ ń fi ṣíṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́ jẹun wí ju ẹnikẹ́ni lọ. Oníbàárà á gbé fóònù síwájú yín, á fi àwòrán pálọ̀ kan hàn yín: ògiri funfun, gíláàsì láti òkè dé ilẹ̀, ilé ìdáná tí kò ní ògiri. Á ní, "Bó ṣe rí yìí gẹ́lẹ́ ni kí ẹ bá mi ṣe é." Kíá, a ti fa tépù yọ, a ti ń ṣírò owó táìsì àti P.O.P. Ta ló bèèrè pé ilé ta ni wọ́n ti ya àwòrán náà? Irú oòrùn wo ló ń ràn níbẹ̀? Èèyàn mélòó ló ń gbé ibẹ̀, kí ni wọ́n sì ń jẹ?

Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, àti ẹni tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́, pé kí ẹ kọ́ ìtàn iṣẹ́ ọnà ilé àti tíọ́rì tó rọ̀ mọ́ ọn. Kì í ṣe nítorí ìdánwò. Gbogbo ohun tó dára nínú ilé, ìdáhùn ni: ẹnì kan bá ìṣòro kan pàdé, ó sì wá nǹkan ṣe sí i. Ìtàn ló ń sọ ìṣòro náà fún wa. Tíọ́rì ló ń jẹ́ ká mọ bí a ṣe lè yẹ ojútùú náà wò, bóyá ó gún tàbí kò gún. Ẹni tó bá yá ojútùú láìmọ ìṣòro, owó oníbàárà ló ń fi ṣeré.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìdáná ṣe àpẹẹrẹ. Kọ́bọ́ọ̀dù tó tò lọ rẹrẹ lára ògiri, pèpéle tó gùn, síńkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní orírun. Lára orírun rẹ̀ tó lókìkí jù ni ìlú Frankfurt ní Jámánì, lọ́dún 1926. Ogun Àgbáyé Kìíní ti kọjá, ilé ti wọ́n bí ojú, ìjọba ìlú sì ń kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ lábẹ́ àbójútó ayàwòrán-ilé Ernst May. Ayàwòrán-ilé kan, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Austria tó ń jẹ́ Margarete Schütte-Lihotzky, ni wọ́n gbé ètò ilé ìdáná lé lọ́wọ́. Kó tó fa ilà kankan, ó ti ṣírò ìṣísẹ̀ àti àkókò tó ń bá iṣẹ́ ìyá ilé lọ. Ó wo ilé ìdáná inú ọkọ̀ ojú irin, níbi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ ọ̀pọ̀ èrò ní àyè tóóró. Yàrá tó gbà yọ kò ju nǹkan bíi mítà 1.9 níbùú àti mítà 3.4 lóòró lọ.

Ẹ sún mọ́ ọn. Àga kékeré kan tó ń yí wà níwájú pèpéle lábẹ́ fèrèsé, kí ìyá ilé lè jókòó gé ẹ̀fọ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Dúrọ́ọ̀ kan wà lójú pèpéle náà tí èèpo ń bọ́ sí. Àpótí alumíníọ̀mù ló ń gba ìrẹsì àti ṣúgà, ó lọ́wọ́, ó sì lẹ́nu tí èèyàn lè fi dà á tààrà sínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n igi óòkù ni wọ́n fi ṣe ti ìyẹ̀fun, torí pé kòkòrò kì í fẹ́ igi náà. Ọ̀dà búlúù ni wọ́n fi kun kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí wọ́n gbà nígbà náà pé eṣinṣin kì í bà lé àwọ̀ búlúù. Nǹkan bíi 10,000 irú ilé ìdáná yìí ni wọ́n ṣe sínú àwọn ilé tuntun ìlú náà. Kò sí ohun kan níbẹ̀ tí kò nídìí.

Wàyí o, ìṣòro ta ni obìnrin yìí ń yanjú? Ti ìyàwó òṣìṣẹ́ tó ń dá nìkan dáná fún ìdílé kékeré nínú ilé tóóró. Nílé tiwa ńkọ́? Ìyá ń ro àmàlà, ọmọ ń ṣa ẹ̀fọ́, àbúrò ọkọ ń gúnyán, ata ń ta sánsán lórí iná. Ẹni tó bá da ilé ìdáná Frankfurt kọ bó ṣe wà, kò ní pẹ́ tí odó á fi jáde sẹ́yìnkùlé, tí ìkòkò ńlá á tẹ̀ lé e, tí kíṣìnì olówó ńlá á di ibi ìkẹ́rùsí. Ohun tó yẹni ló yẹni. Okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. Ẹni tó mọ ìtàn kò ní mú ìwọ̀n yàrá náà. Ọ̀nà tí obìnrin yẹn gbà ronú ló máa mú. Ẹ lọ jókòó sínú ilé ìdáná oníbàárà yín lọ́jọ́ tí wọ́n ń se oúnjẹ gidi. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń bu omi, ibi tí sìlíńdà gáàsì wà, ibi tí ọmọdé ń gbà kọjá. Ẹ ka ìṣísẹ̀ wọn. Ilẹ̀ tó le tó láti gba odó, àti fèrèsé tó kọjú síra kí ata lè rọ́nà jáde, lè ṣe ìdílé náà lóore ju pèpéle mábù lọ.

Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn iṣẹ́ ọnà ń bẹ̀rẹ̀ láti Gíríìsì, wọ́n á gba Róòmù àti Páríìsì kọjá, wọ́n á parí sí Níú Yọ́ọ̀kì. Ẹ kà wọ́n, ẹ̀kọ́ wà nínú wọn. Àmọ́ kó má jẹ́ pé ẹ mọ ayàwòrán-ilé Le Corbusier, ẹ ò mọ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí agbẹ́gilére yìí, Ìsẹ̀ ló gbé ṣiṣẹ́, ó sì kú lọ́dún 1938. Láàárín 1910 sí 1914 ló gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní Chicago báyìí. Lára òpó yìí, ọba jókòó sórí ìtẹ́ tòun ti adé. Olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé ìtẹ́. Olorì ga ju ọba lọ fíìfíì. Ẹni tí kò kọ́ ju ohun tí ojú ń rí lọ á ní agbẹ́gilére ò mọ ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n olorì àgbà ló ń fi adé lé ọba lórí nígbà ìwúyè. Ọlọ́wẹ̀ fi gíga rẹ̀ sọ ipò rẹ̀ ni. Ọlá ni ìwọ̀n ń sọ níbẹ̀.

Ẹ mú ìmọ̀ yìí wọ pálọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ pálọ̀ òde òní, gbogbo nǹkan ló ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: iná olówó iyebíye, tẹlifíṣọ̀n, bébà ara ògiri, P.O.P. onípele mẹ́ta. Ọba méjì kì í gbé ààfin. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ bi ìdílé náà léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ rí. Ṣé àwòrán bàbá tó ti kú ni? Ṣé àga màmá àgbà ni? Ṣé aṣọ òkè ọjọ́ ìgbéyàwó ni? Ẹ gbé e ga, kí ìyókù rẹ ara sílẹ̀ fún un.

Ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1924. British Museum fẹ́ rà á; Ògògà kò gba owó, ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò rẹ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà wà dòní. Kò yẹ kí ọmọ Yorùbá kan kọ́ iṣẹ́ yìí yanjú láìgbọ́ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Tíọ́rì pàápàá kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní àwọn ọdún 1960, Robert Farris Thompson, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà láti Amẹ́ríkà, gbé ère síwájú àwọn ará ìlú nílẹ̀ Yorùbá, ó ní kí wọ́n sọ èyí tó dára àti ìdí tó fi dára. Wọn kò kàn ní ó wu àwọn. Wọ́n sọ̀rọ̀ gígún, wọ́n sọ̀rọ̀ dídán, wọ́n sọ̀rọ̀ ìfarahàn, wọ́n sọ̀rọ̀ jíjọra tí kò kọjá ààlà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún, nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 2014, ṣàlàyé ojú inú, ojú ọnà àti ìfarabalẹ̀. Irinṣẹ́ nìwọ̀nyí. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé àga, fèrèsé àti ilà táìsì gún régé? Ṣé ìlò yàrá náà hàn láìjẹ́ pé ẹnì kan ń ṣàlàyé? Ṣé ohun tó ń dán rí ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀ tí yóò gbé e yọ? Oníbàárà tó ní "kò ṣáà tíì tẹ́ mi lọ́rùn", ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí ló sábà máa ń dà á láàmú.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà ní tíọ́rì tirẹ̀. Josef Albers, tó kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ Bauhaus kó tó kọjá sí Amẹ́ríkà, gbé ìwé kan jáde lọ́dún 1963 láti fi hàn pé àwọ̀ kan náà máa ń yí lójú wa bí àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá yí. Nítorí náà, ẹ má fi páálí kékeré inú ṣọ́ọ̀bù yan ọ̀dà. Ẹ kùn ún sára ògiri gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga àti kọ́tìnì; ẹ wò ó láàárọ̀, ẹ wò ó lọ́sàn-án, ẹ tún wò ó lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù tí ìdílé náà ń lò.

Ẹni tó bá mọ ìdí nǹkan ló lè yí i padà láìbà á jẹ́. Ẹ lọ sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì tó ya àwòrán ọgbà náà ní àwọn ọdún 1960, Bauhaus ní Dessau lòun náà ti kẹ́kọ̀ọ́. Bauhaus bẹ̀rẹ̀ ní 1919, ó kógbá sílé ní 1933, ògiri gíláàsì gbàgàdà sì wà lára ohun tí ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Sharon kò gbé e wá sínú oòrùn Ifẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé ẹ̀ka Humanities tó yà níbẹ̀ ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń ga sí i: àjà òkè yọrí síta, ó ń ṣíji bo ti ìsàlẹ̀, oòrùn ò ráyè ta lu fèrèsé. Ojú tó mọ ìrísí nìkan á ní ilé tó dojú dé ni. Ojú tó mọ ìdí á rí ibòòji. Nínú ilé tí ẹ ń ṣe lónìí, oòrùn tó bá ti gba gíláàsì wọlé ti di ooru yàrá. Kọ́tìnì tó nípọn ò lè lé gbogbo rẹ̀ jáde mọ́. Kí oníbàárà tó ra ẹ̀rọ amúlétutù tó tóbi sí i, ẹ kọ́kọ́ bá a wá ibòòji síta fèrèsé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Àgùdà tó ti Brazil àti Cuba padà dé sí Èkó láyé ọdún 1800 sí 1900 ṣe mú ọnà òkè òkun bá ìlò ilé mu. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ iṣẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onífèrèsé olórí roboto, òdòdó sìmẹ́ńtì, ògiri aláwọ̀, ọ̀nà àárín tí yàrá tò sí lọ́tùn-ún lósì, ọwọ́ wọn ló ti tàn kálẹ̀. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ló kọ́ mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894: ọnà Àgùdà, ìsìn Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n Ilojo Bar ní Tinúubú, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n ti wó o lulẹ̀ ní 2016. Ohun tí a fẹ́ fi kọ́ ọgbọ́n kì í dúró dè wá. Ẹ gbé tépù, ẹ lọ wọn èyí tó kù.

Báwo wá ni kí ẹ ṣe kọ́ ọ? Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ mú nǹkan kan ṣoṣo lóṣù kan: àga, fìtílà, ilẹ̀kùn, ẹní. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Ta ló ṣe é, fún ta? Ìṣòro wo ló ń yanjú? Ohun èlò àti irinṣẹ́ wo ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀? Kí ló ti yí padà láti ìgbà náà? Ẹ fi àga Thonet ti 1859 dán an wò, àga ilé kọfí tí gbogbo ayé mọ̀. Igi mẹ́fà ni, wọ́n fi ooru omi tẹ èyí tó yẹ kó tẹ̀, ó gba skúrù mẹ́wàá àti nọ́ọ̀tì méjì. Bí wọ́n bá tú u palẹ̀, àga 36 ń wọnú àpótí tó jẹ́ mítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga. Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ wà lára ohun tó fún àga náà ní ìrísí. Ẹni tó ń ṣe àga ní Ìbàdàn, tó sì fẹ́ tà á dé Àbújá, ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ yà á, kí ẹ kọ ìwọ̀n sí i lára. Fóònù lè tọ́jú àwòrán, kò lè kọ́ ọwọ́ yín. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àgbà káfíńtà, ẹ lọ sọ́dọ̀ aláṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn àti aládìrẹ ní Abẹ́òkúta, ẹ bèèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ẹnì kan á ní oníbàárà kì í sanwó ìtàn, pé ọjọ́ Ẹtì ló fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń sanwó àtúnṣe nígbà tí pálọ̀ gíláàsì bá di ààrò, tí wọ́n sì ní kí ẹ wá tú u? Ẹlòmíràn á ní ìtàn á so wá mọ́ àná. Rárá. Demas Nwoko, tó kọ́ ilé ìsìn àwọn Dominican sí Ìbàdàn, kò da ṣọ́ọ̀ṣì Yúróòpù kọ, kò sì tún ilé àtijọ́ kọ́. Ó mọ méjèèjì dénú, ó sì mú tirẹ̀ jáde. Ní 2023, ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ilé ti Venice fún un ní ẹ̀bùn Golden Lion fún iṣẹ́ ayé rẹ̀.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Oníbàárà tó ní kí ẹ da àwòrán kọ, iṣẹ́ ẹrú ló rán yín. Ẹ má bú u, ẹ má sì da àwòrán rẹ̀ nù. Ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ràn níbẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ni, àyè ni, àbí ìtura? Ẹ wá ohun náà fún un lọ́nà tó bá oòrùn àdúgbò rẹ̀, oúnjẹ ilé rẹ̀ àti àpò rẹ̀ mu. Níṣẹ́ tó kàn, kí ẹ tó fa ilà àkọ́kọ́, ẹ kọ ìṣòro ìdílé náà sílẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí ẹ sì kà á sétí wọn. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ tún un kọ títí tí wọn yóò fi gbà, torí ó sàn ká ya ìwé mẹ́wàá dànù ju ká wó ògiri kan lọ.